Ọdún Méjì Pólì Kò Yọ Ọdún Méjì Kúrò ní Fásitì

Ní òpópónà Otigba àti Pepple, ní Computer Village n'Íkẹjà, àwọn ọ̀dọ́ tó ń bá ọ̀gá ta fóònù tí wọ́n sì fẹ́ ka akántínì pọ̀. Ohun tí wọ́n ní lọ́kàn ni pé kí àwọn gba ND, dípúlómà ọlọ́dún méjì, ní Yabatech tàbí pólì mìíràn, kí àwọn sì tibẹ̀ bọ́ sí fásitì lọ gba dìgírì. Ọ̀nà náà dára. Ìṣirò tí wọ́n gbé lé e lórí ni kò tọ́: wọ́n ní ọdún mẹ́rin ni dìgírì akántínì, ọdún méjì ni ND, nítorí náà ó ku méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Direct Entry ni JAMB, àjọ tó ń ṣètò ìgbaniwọlé, ń pe ọ̀nà yẹn, 200 level sì ni ẹni tó bá fi ND wọlé yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ọdún mẹ́ta ló ń dúró dè é. Méjì àti mẹ́ta, ó di márùn-ún, kí a tó ka ìyanṣẹ́lódì mọ́ ọn, irú èyí tí ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ fásitì, fi oṣù mẹ́jọ ṣe ní 2022.

Irọ́ kọ́ ni ìṣirò wọn níbi gbogbo o. Ní Amẹ́ríkà, ẹni tó bá fi ọdún méjì kàwé ní community college lè wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ rẹ̀ ní ọdún kẹta. Ẹni tó ní ẹ̀gbọ́n ní Houston á ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Àmọ́ ẹ wo ohun tó gbé e ró. Ní Texas, ACCT 2301 ni nọ́ńbà ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀ ìṣirò owó nínú ètò nọ́ńbà tí àwọn kọ́lẹ́ẹ̀jì àti yunifásítì ìjọba jọ ń lò. Ẹni tó bá yege nínú rẹ̀ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ó bá a dé yunifásítì. Tiwa kò ní irú àdéhùn bẹ́ẹ̀. NBTE, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1977, ló ń ṣe ìlànà ẹ̀kọ́ pólì. NUC, tó ti wà láti 1962, ló ń ṣe ti fásitì. Ẹ̀kọ́ tí akẹ́kọ̀ọ́ ti yege nínú rẹ̀ ní pólì, bíi Cost Accounting, ó lè tún bá a pàdé ní fásitì, kó sì kà á láti ìbẹ̀rẹ̀.

Èsì ND ló ń fi èèyàn wọlé, pẹ̀lú kírẹ́dítì márùn-ún ní WAEC tàbí NECO, tí Gẹ̀ẹ́sì àti Ìṣirò gbọ́dọ̀ wà nínú wọn. Fásitì kan á ní Upper Credit lòun fẹ́, ìyẹn 3.00 sókè, òmíràn á gba Lower Credit, àwọn mìíràn kì í gba ND rárá. IBASS, ìwé ìlànà JAMB lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ni kí èèyàn ti wò ó kó tó sanwó pólì, kì í ṣe lẹ́yìn tó bá ṣe tán. Láti sáà àkọ́kọ́ ni máàkì sì ti ń ka: ẹni tó bá gba 2.40 níbẹ̀, tí iye ẹ̀kọ́ sáà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá dọ́gba, 3.20 ni yóò máa gbà ní mẹ́ta tó kù kó tó lè dé 3.00. Ẹni tó bá sì ní òun á bá ọ ṣe Direct Entry nínú ṣọ́ọ̀bù, má fún un lówó kí o tó wádìí. Ní 2023, JAMB gba iṣẹ́ náà padà sí ọ́fíìsì tirẹ̀ nítorí ayédèrú èsì.

Àwọn kan á gbọ́ èyí, wọ́n á ní ND di ìfàkókòṣòfò nìyẹn. Èyí gan-an ló dùn mí jù, nítorí àwọn tó nílò ẹ̀kọ́ náà jù ló ń gbọ́ ọ. Ẹ jẹ́ ká fi swap ṣe àpẹẹrẹ, ìyẹn kí oníbàárà fi fóònù àlòkù kún owó ra òmíràn. Fóònù tí ọ̀gá rà ní ₦220,000, ọmọ ṣọ́ọ̀bù tà á ní ₦250,000: oníbàárà mú fóònù àlòkù wá, wọ́n díye lé e ní ₦90,000, ó san ₦160,000 lé e. Ọmọ náà kọ ₦160,000 sínú ìwé, nítorí ìyẹn ni owó tó wọlé. Bí oṣù bá parí kí wọ́n tó ta àlòkù náà, ìwé á fi àdánù ₦60,000 hàn. Oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n ta àlòkù ní ₦110,000, ìwé á sì ka gbogbo rẹ̀ sí èrè. Bẹ́ẹ̀ èrè tòótọ́ jẹ́ ₦30,000 nígbà àkọ́kọ́, ₦20,000 nígbà kejì. Àròpọ̀ rẹ̀, ₦50,000 náà ni lọ́nà méjèèjì, ṣùgbọ́n láàárín oṣù méjì yẹn, wọ́n lè ti pe ọmọ ọlọ́mọ ní olè. Ọdún àkọ́kọ́ ND ni wọ́n ti ń kọ́ni pé ọjà tí a tà jẹ́ ₦250,000, pé ₦160,000 jẹ́ owó, àti pé ₦90,000 tó kù jẹ́ ọjà tó wọlé. Ọmọ tó bá kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, kó ṣí ìwé lé ọ̀gá lọ́wọ́, àlòkù náà á wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú iye rẹ̀.