Hard as Nails: Líle Ara àti Líle Ọkàn Nínú Ìtàn Ìwakùsà ní Gyel

Nínú àwọn àfiwé èdè Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan tí ó máa ń da akẹ́kọ̀ọ́ ìtumọ̀-èdè láàmú ni hard as nails. Bí a bá tú u ní ẹyọ ọ̀rọ̀, 'ó le bí ìṣó' ni a ó ní. Ṣùgbọ́n ọ̀nà méjì ni àwọn elédè gbà ń lò ó: fún ẹni tí ara rẹ̀ gba ìyà, àti fún ẹni tí kò lójú àánú. Yorùbá kì í kó méjèèjì pọ̀. Bí a bá ní kí ara ọmọ le koko bí ọta, àdúrà ni. Bí a bá ní ọkàn ènìyàn le bíi ti Fáráò, ẹ̀bi ni a dá a. Ibi tí líle náà fìdí kalẹ̀ sí ni a fi ń mọ̀ bóyá iyì ni tàbí àbùkù.

Ìtàn Gyel fi hàn pé ìyàtọ̀ yìí kọjá ti gírámà. Ilẹ̀ àwọn Berom ni Gyel, ní agbègbè Bukuru, ní gúúsù Jos. Tánganran, tí àwọn Hausa ń pè ní kuza, ni ó fa àwọn ilé-iṣẹ́ òyìnbó dé ibẹ̀. Ọ̀rọ̀ kuza yìí sì ni kùsà tiwa bá tan. Ní 1914, ojú irin dé Bukuru. Bí ìwakùsà ti ń gbilẹ̀ ni ilẹ̀ oko ń bọ́ mọ́ àwọn àgbẹ̀ lọ́wọ́.

Ní 1942, Jàpáànù gba Malaya, níbi tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti ń rí tánganran púpọ̀. Ìjọba amúnisìn wá kọjú sí òkè Jos. Láàárín 1942 sí 1944, wọ́n fi ipá kó ọkùnrin tí ó lé ní 100,000 láti àwọn ẹkùn Àríwá wá síbi ìwakùsà. Ṣọ́bìrì ni wọ́n fi ń walẹ̀, orí ni wọ́n fi ń ru yẹ̀pẹ̀, nínú òtútù ilẹ̀ tí ó ga ju 1,200 mítà lọ. Oúnjẹ kò tó, ibùgbé kò dára, àìsàn sì jà. Ọ̀pọ̀ sá lọ. Ọ̀pọ̀ sì kú.

Bí òpìtàn bá wá kọ ọ́ pé àwọn òṣìṣẹ́ wọ̀nyí jẹ́ hard as nails, ìyìn ni yóò dà létí òǹkàwé. Kí ni ògbufọ̀ Yorùbá yóò kọ? Bí ó bá kọ ọ́ pé 'ara wọn le', àwọn tí ó kú tako ọ̀rọ̀ rẹ̀, nítorí ara kì í ṣe òkúta. Bí ó bá kọ ọ́ pé 'ọkàn wọn le', ó ti gbé ẹ̀bi ru ẹni tí a jẹ níyà. Ọkàn àwọn tí ó fi ipá kó wọn wá ni ó le.

Nítorí náà, kí ògbufọ̀ tó wá ọ̀rọ̀ tí yóò dípò àkànlò-èdè yìí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ bèèrè ohun méjì: ta ni ó le, kí ni ó sì le lára rẹ̀? Èdè Yorùbá kò ní jẹ́ kí ó fo ìbéèrè náà dá.