Òjìji Òkè Òṣùpá

Bí òṣùpá bá kún, kò sí òkè tó ṣe é dá mọ̀ lójú rẹ̀. Pẹlẹbẹ ló máa ń rí bí àwo, torí oòrùn ń tàn án lọ́kàn-ánkán. Ìgbà tó bá ku ààbọ̀ ni òkè àti kòtò máa ń yọ, létí ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti pàdé òkùnkùn, níbi tí òjìji ti ń gùn.

Thomas Harriot, ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti fi awò awọ̀nàjíjìn ya òṣùpá ní oṣù Keje 1609, ṣùgbọ́n ìlà gbágungbàgun lásán ló yà. Galileo ló mọ ohun tí òjìji ń sọ. Ní ìparí ọdún yẹn, ní Padua, ó rí àmì tó ń tàn yọ̀ọ̀ láàárín òkùnkùn, ó sì yé e pé orí òkè ni, tí oòrùn bà kó tó dé ìsàlẹ̀. Ó wọn bí àmì náà ṣe jìnnà sí etí ìmọ́lẹ̀, ó sì ṣírò pé òkè náà ga ju máìlì mẹ́rin ti Ítálì lọ. Ìwé tó tẹ̀ ní Venice ní 1610 dá àríyànjiyàn sílẹ̀, torí àwọn ọ̀mọ̀wé ti gbà pé òṣùpá ń dán ni, kò ní kùkùté.

Hevelius, awòràwọ̀, ya máàpù òṣùpá ní Danzig ní 1647. Riccioli, àlùfáà Ìjọ Àgùdà, sọ àwọn kòtò ní orúkọ ọ̀mọ̀wé ní 1651. Ìjọ rẹ̀ kò fàyè gba ẹ̀kọ́ Copernicus pé ayé ló ń yí oòrùn po, síbẹ̀ ọ̀kan nínú àwọn kòtò tó lẹ́wà jù ni Riccioli fi sọ orí Copernicus.

Kámẹ́rà kò tètè borí ọwọ́ ayàwòrán. Ní New York ní 1840, nǹkan bí ìṣẹ́jú 20 ni John William Draper fi dúró kí àwòrán kékeré kan tó wọ ara bàbà tí wọ́n fi fàdákà bò. Àwòrán tí Whipple àti Bond yà ní Harvard gbayì ní London ní 1851, ṣùgbọ́n afẹ́fẹ́ tó ń gbọ̀n a máa pa ohun kéékèèké rẹ́. Ojú lè dúró de ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá rọ̀; fọ́tò kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí Nasmyth àti Carpenter, nínú ìwé wọn ti 1874, fi mọ òkè òṣùpá pẹ̀lú pílásítà, tí wọ́n gbé e sínú oòrùn, tí wọ́n sì ya ìyẹn ní fọ́tò. Wọn kò tan ẹnikẹ́ni, wọ́n sọ ohun tí wọ́n ṣe. Àmọ́ òjìji gígùn ti ṣì wọ́n lọ́nà: òkè wọn mú ṣóṣóró ju ti òṣùpá gan-an lọ.

Loewy àti Puiseux ní Paris ló fi fọ́tò ṣe ìwé máàpù ńlá, láti 1896 sí 1910. Ní 1966 àti 1967, ọkọ̀ Lunar Orbiter márùn-ún ya fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo òṣùpá láti òkè rẹ̀. Nígbà tí Apollo 11 fẹ́ balẹ̀ ní 1969, wọ́n mú àsìkò tí oòrùn ṣì wà nísàlẹ̀ níbẹ̀, kí òjìji lè fi kòtò han awakọ̀.