Ṣé Onígbàgbọ́ Lè Gbé Ìbọn?

Ìbéèrè kan kì í tán láàrin wa: bí àwọn agbébọn bá wọ ìlú, ṣé àdúrà nìkan ni kí Onígbàgbọ́ máa gbà, àbí kó gbé ìbọn? Ìtàn ilẹ̀ wa fi ọ̀nà mẹ́ta hàn wá.

Ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹta, 1851, ogun Dàhómì dé ẹnu odi Abẹ́òkúta. Àwọn Onígbàgbọ́ kò jókòó sílé. Àwọn àti àwọn abọ̀rìṣà jọ gbèjà odi, wọ́n sì lé ogun padà.

Ogun Kírìjì bẹ̀rẹ̀ ní 1877. Ní 1886, àlùfáà méjì, Samuel Johnson àti Charles Phillips, gbé ọ̀rọ̀ àdéhùn lọ sí ibùdó Ìbàdàn àti ti Èkìtì Parapọ̀. Ìwé ló wà lọ́wọ́ wọn, kì í ṣe ìbọn.

Ti Ìjẹ̀bú wa yàtọ̀. Ní oṣù Karùn-ún 1892, àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú ní Ìmàgbọ́n, wọ́n sì fi ipá ṣí ọ̀nà tí a dí. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni ìjọ tó gbilẹ̀ láàrin wa. Àwa tí a ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ní Ìbíadé lónìí kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìbọn ló ṣáájú.

Lójú tiwa, ẹni tó gbèjà odi ìlú rẹ̀ kò ṣẹ̀. Ìbọn tí a fi já ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn ni kì í ṣe ti Krístì. Àmọ́ odi nìkan kì í parí ogun. Ó di dandan kí ẹnìkan rìn láàrin ibùdó méjèèjì.