Ilé Ìpẹran Ẹbọ àti Ìtàn Olúmọ

Bí a bá ń ṣe ìrántí 1830, ọdún tí Ṣódẹkẹ́ kó àwọn Ẹ̀gbá dé abẹ́ Olúmọ ní Abẹ́òkúta, àpáta tó bo àwọn tí ogun lé kúrò nílé ni gbogbo ẹnu máa ń kì. Ẹbọ ọdọọdún tí wọ́n fi ń dúpẹ́ ààbò yẹn, wẹ́rẹ́ la máa ń mẹ́nu kúrò níbẹ̀. Ẹni tó di ẹran mú àti ẹni tó dúḿbú rẹ̀ kì í sí nínú ìtàn rárá. Àbùkù ńlá nìyẹn lójú mi, nítorí ọwọ́ àwọn wọ̀nyí ni ìdúpẹ́ ìlú gbà dé ojúbọ.

Àwọn ará Ṣáínà kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1420 ni Ọba Yongle parí tẹ́ḿpìlì tí wọ́n ti ń bọ Ọ̀run ní Beijing, wọ́n sì kọ́ ilé ìpẹran ẹbọ síhà ìlà-oòrùn rẹ̀, ó jìnnà díẹ̀ sójúbọ. Kùmọ̀ ni wọ́n fi ń lu ẹran pa níbẹ̀. Wọ́n á tọ́jú rẹ̀ nílé ìdáná mímọ́ tó wà nítòsí, wọ́n á wá gbé e gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ oníyàrá 72 lọ síwájú pẹpẹ, kí òjò àti yìnyín má baà kàn án. Ọba fúnra rẹ̀, tó ń ya ara sọ́tọ̀ fún ọjọ́ 3, kò lè bọ Ọ̀run láìsí iṣẹ́ àwọn apẹran yìí. Ìjọba ọba parí ní 1912, síbẹ̀ ilé náà ṣì dúró nínú ọgbà tí UNESCO kà mọ́ ogún gbogbo ayé ní 1998.

Àwọn kan á ní míṣọ́nnárì Townsend ti mú ìgbàgbọ́ wọ Abẹ́òkúta láti 1843, Ìmàle náà sì ti gbilẹ̀, kí la tún ń wá ẹ̀jẹ̀ ẹran kiri sí? Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni padà lọ bọ. Ṣùgbọ́n àwọn tó gba Townsend lálejò ni wọ́n ń rú ẹbọ náà. A kò lè yìn wọ́n fún ìgbàlejò ká máa bo ẹ̀sìn wọn mọ́lẹ̀. Ẹni tó ń pa àgbò Iléyá pàápàá mọ̀ pé ẹran àdúrà ní ọjọ́ tirẹ̀ àti ìlànà tirẹ̀. Àtakò tó le jù ni pé Beijing ní ilé, tiwa kò ju ojúbọ abẹ́ àpáta lọ. Òótọ́ ni, ohun tó sì mú kí ọ̀rọ̀ náà jẹ́ kánjúkánjú nìyẹn: ilé oníbíríkì lè dúró de ọmọ-ọmọ, ìmọ̀ tó wà lọ́wọ́ àwọn àgbà Ìtọ́kò tó ń tọ́jú Olúmọ kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Kí àwa ọmọ Ẹ̀gbá, títí dé àwa tó ń gbé ìlú Wásinmi níbí, lọ bá wọn, ká kọ èyí tí wọ́n bá fẹ́ sọ sílẹ̀: ta ní ń mú ẹran wá, ìdílé wo ní ń mú ọ̀bẹ, ta ni orí tọ́ sí, ta ni àyà tọ́ sí. Èyí tó bá jẹ́ awo, kó máa jẹ́ awo.