Amos Alonzo Stagg: Akọ́nimọ̀ọ́gbá Tí Wọ́n Fi Jẹ Ọ̀jọ̀gbọ́n

Àwọn tó ń kọ ìtàn eré ìdárayá ní Amẹ́ríkà sábà máa ń yin Amos Alonzo Stagg nítorí àwọn ọgbọ́n tuntun tí wọ́n ní ó mú wọ inú fútúbọ́ọ̀lù ilẹ̀ wọn, wọn a sì máa kà wọ́n lẹ́sẹẹsẹ. Mi ò ní tọ ọ̀nà yẹn. Lójú tèmi, orí pápá kọ́ ni ohun tó mú Stagg yàtọ̀ wà. Inú ìwé ìgbanisíṣẹ́ tí Yunifásítì Chicago fún un ní 1892 ló wà. Ìwé yẹn sọ akọ́nimọ̀ọ́gbá di olùkọ́ àgbà tí ẹnikẹ́ni kò lè yọ nípò torí pé ẹgbẹ́ rẹ̀ fìdí rẹmi. Ibẹ̀ ni ìyìn rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ náà sì ni àléébù rẹ̀ ti wá.

Ìlú West Orange ní New Jersey ni wọ́n bí i sí ní 1862. Iṣẹ́ àlùfáà ló bá lọ sí Yale, ṣùgbọ́n ọwọ́ tó fi ń ju béèsìbọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ sọ ọ́ di ẹni táyé mọ̀. Ní 1889, ó wà lára àwọn tí wọ́n ṣà sínú ẹgbẹ́ fútúbọ́ọ̀lù àṣàyàn gbogbo Amẹ́ríkà, àkọ́kọ́ irú rẹ̀. Ó gbà pé òun kò lẹ́bùn ọ̀rọ̀ sísọ tó yẹ oníwàásù, ló bá gba ilé ẹ̀kọ́ YMCA ní Springfield lọ. Ibẹ̀ ni James Naismith ti dá básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù sílẹ̀ ní ìparí 1891. Nígbà tí àwọn olùkọ́ àti àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kojú ara wọn ní gbangba ní oṣù Kẹta 1892, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi 5–1 borí. Stagg ló ju ẹyọ kan tí àwọn olùkọ́ rí.

William Rainey Harper, tó ti kọ́ Stagg rí ní Yale, ló wá di ààrẹ àkọ́kọ́ fún Yunifásítì Chicago. Ó fi Stagg ṣe olórí ẹ̀ka ìtọ́jú ara àti eré ìdárayá, ó sì fún un ní ipò igbákejì ọ̀jọ̀gbọ́n. Ẹni tó bá jẹ́ olórí ẹ̀ka kò lè sọ pé fútúbọ́ọ̀lù nìkan lòun mọ̀. Stagg kọ́ni ní fútúbọ́ọ̀lù láti 1892 dé 1932, ó bójú tó béèsìbọ́ọ̀lù títí di 1913, ó lo ohun tó lé ní ọgbọ̀n ọdún nídìí eré sísá, ó sì ṣe básíkẹ́ẹ̀tìbọ́ọ̀lù fún sáà kan ní 1920 sí 1921. Àwọn kan ń pe èyí ní àrà. Mi ò rí àrà níbẹ̀: yunifásítì náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni, èèyàn kò tó nǹkan, débi pé ní ọdún àkọ́kọ́ Stagg fúnra rẹ̀ wọṣọ, ó bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ gbá bọ́ọ̀lù. Iṣẹ́ tí wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ ló fẹjú bẹ́ẹ̀.

Ẹ wo àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ láyé ìgbà náà. Ọ̀pọ̀ akọ́nimọ̀ọ́gbá ń wá fún sáà fútúbọ́ọ̀lù nìkan ni, wọn a gba owó wọn, wọn a sì kọjá lọ. Fielding Yost ti Michigan, ọ̀gá nínú iṣẹ́ yìí, ní òwò tó ń ṣe ní Nashville. Nígbà tí ìwà jàgídíjàgan àti ikú inú fútúbọ́ọ̀lù dá awuyewuye sílẹ̀ ní 1905, àwọn yunifásítì àárín gbùngbùn Amẹ́ríkà pàdé ní 1906. Wọ́n pinnu pé àwọn aláṣẹ yunifásítì ni kó máa yan akọ́nimọ̀ọ́gbá bí wọ́n ti ń yan olùkọ́ yòókù, kí owó oṣù rẹ̀ sì mọ níwọ̀n. Ìyẹn ni pé ohun tí Harper ti ṣe fún Stagg láti 1892 ni wọ́n fẹ́ sọ di òfin. Michigan kò gbà, wọ́n kúrò nínú ẹgbẹ́ àwọn yunifásítì náà, wọn ò sì padà títí di 1917.

Ṣùgbọ́n ètò náà ní àbùkù. Stagg ló ń darí ẹgbẹ́, òun ló ń bójú tó owó ẹ̀ka, ààrẹ ló sì ń jábọ̀ fún tààrà. Bó ti wù kí ọ̀bẹ mú tó, kò lè gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá 1905, Chicago fi 2–0 borí Michigan tó ti ṣe eré 56 láìfìdí rẹmi. Walter Eckersall ni ìràwọ̀ ẹgbẹ́ Chicago lọ́jọ́ náà. Ọdún yẹn gan-an ni ìwé ìròyìn Collier's dárúkọ rẹ̀ lára àwọn tí ilé ẹ̀kọ́ ń fà mọ́ra nítorí bọ́ọ̀lù, ó sì kúrò ní Chicago láìgboyè. Ẹnì kan lè ní àwọn yunifásítì mìíràn ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, àmọ́ àwọn yẹn kò pe akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn ní olùkọ́. Stagg yìí kan náà ló tún jáde ní 1923 láti bu ẹnu àtẹ́ lu fútúbọ́ọ̀lù àwọn tó ń gbowó gbá a. Mi ò pè é ní alágàbàgebè, ó gba ohun tó ń sọ gbọ́. Ṣùgbọ́n ipò tó wà kò jẹ́ kó lè bi ara rẹ̀ ní ìbéèrè tó ń bi àwọn ẹlòmíràn.

Ìwé ìgbanisíṣẹ́ yẹn náà ló lé e kúrò níkẹyìn. Òfin yunifásítì ní kí olùkọ́ fẹ̀yìn tì ní ẹni àádọ́rin ọdún, ààrẹ Robert Hutchins kò sì yẹ òfin náà fún un. Stagg kọ ìsinmi, ó lọ sí College of the Pacific ní Stockton ní 1933. Ní 1938, ó kó ẹgbẹ́ rẹ̀ padà wá sí pápá tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè, ó sì fi 32–0 na Chicago. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Hutchins pa ẹgbẹ́ fútúbọ́ọ̀lù yunifásítì náà rẹ́. Stagg kú ní 1965, ní ẹni ọdún 102. Ètò tí Harper ṣe fún un dára. Àìfi ẹlòmíràn ṣọ́ ẹni tó jókòó sórí àga náà ni àṣìṣe Chicago.