Ta Ni Ará Ìgboro, Ta Ni Ará Oko, Nílé Olúyọ̀lé?

Nígbà tí ọkọ̀ ojú irin kọ́kọ́ wọ Ìbàdàn ní ọdún 1901, etí ìlú ni Òkè-Àdó wà. Ṣùgbọ́n nígbà tí àwọn oníṣòwò, àwọn Ìjẹ̀bú pàápàá, bẹ̀rẹ̀ sí í gba ilẹ̀ tí wọ́n sì ń kọ́ pẹ̀tẹ́ẹ̀sì síbẹ̀, àdúgbò náà di ojú ìlú, tó bẹ́ẹ̀ tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ fi ibẹ̀ ṣe ibùgbé. 

Oko kì í jẹ́ ti baba tọmọ kó má ní ààlà, ṣùgbọ́n ààlà Ìbàdàn kì í pẹ́ lójú kan. Títí di 1934, abẹ́ Ọ̀yọ́ ni òyìnbó fi Ìbàdàn mesì ọ̀gọ̀ sí, ohun tí ó ká àwọn jagunjagun ìlú náà lára púpọ̀. Nígbà tí wọ́n bọ́ lábẹ́ rẹ̀, ọdún méjì péré ni oyè Baálẹ̀ ìlú náà fi di Olúbàdàn. Bẹ́ẹ̀ ni ẹni tí ń ráhùn ẹrù náà ń gbé ẹrù lé ẹlòmíràn lórí, nítorí ó di ẹ̀yìn 1950 kí Ìwó, Ẹdẹ, Òṣogbo àti Ìkìrun tó kúrò lábẹ́ Ìbàdàn, tí wọ́n di Ẹkùn Ọ̀ṣun.

Ìgboro àti abà ni ó wá kù, ibẹ̀ gan-an ni ọ̀rọ̀ sì ti díjú. Ọmọ Ìbàdàn tòótọ́ ní agboolé ní ìhà Ọjà'ba tàbí Bẹẹrẹ, ó sì ní abà lọ́nà Akanran tàbí Ìdó, níbi tí kòkó rẹ̀ wà. Baálẹ̀ abà náà, Mọ́gàjí tí ó jẹ́ olórí agboolé ní ìgboro ni ojú rẹ̀ ń wò. Bí ọdún tàbí òkú bá sì dé, gbogbo abà a tú wọlé. Níbo ni kí akànìyàn kọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ sí? Ìkànìyàn 1952 bá 459,196 ènìyàn ní ìgboro, ti 1963 bá 627,379, àgbẹ̀ sì pọ̀ nínú wọn tí oko wọn wà ní ọ̀nà jíjìn.

Ní 1991, ìjọba pín ìgboro sí ìjọba ìbílẹ̀ márùn-ún, Òkè-Àdó bọ́ sí Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Mẹ́fà ló yí i ká: Akínyẹlé, Lágelú, Ẹ̀gbẹ́dá, Ọ̀nà-Àrà, Olúyọ̀lé àti Ìdó. Ẹ kíyè sí i: Lágelú tí ó tẹ ìlú dó, àti Olúyọ̀lé tí a fi ń ki ìlú, oko ni a fi orúkọ wọn fún, ìgboro kò ní ju apá oòrùn àti àríwá lọ. Àwọn tí ó pín in kò mọ oríkì.

Ìkànìyàn 2006 ka 1,338,659 fún ìgboro, 282,585 nínú wọn ní Gúúsù-Ìwọ̀-Oòrùn. Mọ́kọ̀ọ̀kànlá lápapọ̀ jẹ́ 2,550,593. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ìdajì tí ìwé ń pè ní ará oko, bẹ́ẹ̀ ilé ti kún Ẹ̀gbẹ́dá dé etí. Láti ìgbà náà a kò tíì ka ènìyàn mọ́ ní Nàìjíríà. Nígbà tí àwọn akànìyàn bá tún dé, kí wọ́n bi olúkúlùkù ní ìbéèrè méjì: níbo ni agboolé rẹ, níbo sì ni abà rẹ?