Òwú Tín-ín-rín àbí Òwú Tó Nípọn? Ẹ Wo Ohun Tó Ṣẹlẹ̀ Ní Adágún Victoria

Ìbéèrè kan ò yé wọlé sí wa: àwọ̀n wo ni ká rà, èyí tí òwú rẹ̀ tín-ín-rín àbí èyí tó nípọn? Owó àwọ̀n ti wọ́n, kò sẹ́ni tó fẹ́ rà á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹja tẹ́ ẹ fẹ́ pa ló máa sọ èyí tẹ́ ẹ máa rà. Ṣùgbọ́n ìtàn kan wà tó máa jẹ́ kó yé yín dáadáa, ìtàn Adágún Victoria ni, omi tí Kẹ́ńyà, Ùgáńdà àti Tanzania jọ pín, tó tóbi ju gbogbo adágún Áfíríkà lọ. Ìdí tá a fi mú tibẹ̀ ni pé irú ẹja tó da ibẹ̀ rú wà lọ́dọ̀ tiwa náà: giwan ruwa, tó ti ń gbé inú Odò Ọya láti ìgbà ìwáṣẹ̀.

Láyé àtijọ́, ìgèrè àti ọgbà tí wọ́n fi koríko odò hun ni àwọn ará ibẹ̀ fi ń pẹja. Ní 1901, rélùwéè dé Kisumu létí adágún náà, ọ̀nà ọjà bá ṣí. Ní nǹkan bí 1905, àwọ̀n tí wọ́n fi òwú ọ̀gbọ̀ ṣe dé láti Yúróòpù, ojú rẹ̀ fẹ̀ tó ínṣì 5. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ngege, irú èpìyà kan ni, ara rẹ̀ sì bá ojú àwọ̀n yẹn mu bí ẹni wọn án. Orí á wọlé, ara ò ní lè kọjá, tó bá sì fẹ́ padà sẹ́yìn, òwú á há a níbi tó fi ń mí. Bí àwọ̀n adẹja ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Òwú tó bá nípọn jù, tó sì le, ẹja kékeré á rí i, á yà fún un. Òwú tó bá tín-ín-rín jù, ẹja ńlá á já a, á sì bá tiẹ̀ lọ.

Ní 1927 sí 1928, ará Bìrìtéènì kan tó ń jẹ́ Michael Graham yẹ adágún náà wò fún ìjọba. Ó rí i pé níbi tí àwọ̀n ti pọ̀, ngege ti ń dín kù. Ìmọ̀ràn tó mú wá ni pé kí ojú àwọ̀n má kéré sí ínṣì 5, kí ẹja lè bímọ kí wọ́n tó pa á. Ìjọba gbà á, wọ́n sọ ọ́ dòfin. Ẹ̀yin náà mọ bí òfin ṣe máa ń rí lójú ẹni tí ọmọ ń retí oúnjẹ nílé. Ẹni tí àwọ̀n rẹ̀ kó ẹja mẹ́wàá lánàá, tó kó mẹ́ta lónìí, àwọ̀n tí ojú rẹ̀ kéré díẹ̀ ló máa wá. Ó máa rí ẹja pa fúngbà díẹ̀, àmọ́ àwọn tí kò tíì yé ẹyin rí ló ń pa. Nígbà tó fi máa di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, òfin náà ti kúrò nílẹ̀, ngege sì ti di ọ̀wọ́n. Àwọn kan ní ìwọra ló fà á. Àwa ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá: ọjà ló ń béèrè, ebi náà sì ń béèrè.

Láàárín àsìkò yẹn, nǹkan méjì tún dé. Àkọ́kọ́ ni òwú náílọ́ọ̀nù (kì í ṣe èyí tá a fi ń ru ọjà o). Òwú àtijọ́ máa ń jẹrà nínú omi, ó gba kéèyàn máa sá a. Náílọ́ọ̀nù kì í jẹrà, ó tín-ín-rín, ó sì lágbára. Ìkejì ni giwan ruwa, tí wọ́n kó sínú adágún náà ní àwọn ọdún 1950. Ẹja yìí lè ju kílò 100 lọ. Àwọ̀n tí wọ́n dẹ fún èpìyà ò ràn án, ńṣe ló ń ya á. Nígbà tó wá gbilẹ̀ ní àwọn ọdún 1980, tí wọ́n ń kó o lọ sí Yúróòpù, àfi kí àwọn apẹja pààrọ̀ irin iṣẹ́: òwú tó nípọn, ojú tó fẹ̀ tó ínṣì 7, tàbí okùn gígùn tí wọ́n so ìwọ̀ ńláńlá mọ́, tí wọ́n fi ẹja kéékèèké ṣe ìjẹ.

Nínú omi kan náà, ẹja kan tún wà tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ. Omena ni wọ́n ń pè é ní Kẹ́ńyà, dagaa ní Tanzania, mukene ní Ùgáńdà. Àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ni wọ́n fi ń kó o lóru, wọ́n á tan àtùpà sójú omi kó lè wá bá ìmọ́lẹ̀. Ẹ ò rí i? Omi kan, irin iṣẹ́ méjì tí kò jọra rárá, àwọn méjèèjì ló sì tọ́ níbi tí wọ́n wà. Wàhálà ń bẹ̀rẹ̀ nígbà tẹ́nì kan bá gbé àwọ̀n fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ wọ etídò tí ọmọ giwan ruwa àti ọmọ èpìyà ń gbé.

Èyí tó burú jù lójú tiwa ni àwọ̀n olókùn kan ṣoṣo tó ń dán bí ike. Kò wọ́n, kò hàn nínú omi, ó ń pa ẹja gan-an. Ṣùgbọ́n kì í pẹ́ ya, ó ṣòro láti tún ṣe, èyí tó bá sì sọ nù sínú omi á ṣì máa pa ẹja tẹ́nikẹ́ni ò ní jẹ. Wọ́n ti fòfin dè é ní Adágún Victoria. Ní 2017, sójà ni Ùgáńdà rán sórí omi láti mú òfin ṣẹ.

Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ Kẹ́ńyà ni o. Ní 1968 ni wọ́n parí ìdídò Kainji. Ní 1970, nǹkan bí ẹgbẹ̀rún 28 tọ́ọ̀nù ẹja ni wọ́n pa níbẹ̀. Ní 1978, kò ju nǹkan bí 4,500 lọ. Adágún tuntun máa ń yọ ẹja rẹpẹtẹ lákọ̀ọ́kọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n àwọ̀n náà kó ipa tiẹ̀. Ní àwọn ọdún 1990, iṣẹ́ tí Nàìjíríà àti Jámánì jọ ṣe níbẹ̀ ní láti bá àwọ̀n fífà etídò tí ojú rẹ̀ kéré jà, torí ó ń gbá ọmọ ẹja ńlá mọ́ ẹja wẹ́wẹ́.

Nílé wa ńkọ́? Fún bọ́ńgà àti èpìyà, òwú tín-ín-rín tó rọ̀ ló dáa. Òbòkún ní ẹ̀gún lára, ó máa ń lọ́ mọ́ àwọ̀n, ẹ ra èyí tó nípọn díẹ̀ kó má baà ya nígbà tẹ́ ẹ bá ń yọ ọ́. Kútà ní eyín bí ọ̀bẹ, kò sí òwú tó máa dúró fún un. Wáyà ni kẹ́ ẹ so mọ́ ìwọ̀. Fún giwan ruwa, ẹ má náwó sórí nǹkan fẹ́ẹ́rẹ́.

Tẹ́ ẹ bá dé ṣọ́ọ̀bù, ẹ fa ojú àwọ̀n náà gùn, kẹ́ ẹ wọn án láti kókó kan dé kókó tó kọjú sí i. Àwọn olùtajà kan máa ń ka ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo, ìdajì sì nìyẹn jẹ́, torí náà ẹ bi wọ́n léèrè kẹ́ ẹ tó sanwó.